Àwo Tí Ọkọ Mi Ń Fọ̀

Nínú ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nílé ọkọ, n kò rí i kí ọkọ mi fọ àwo rí, àfi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí a fi wà nínú ilé onítáyà ní Pennsylvania. Àwo yẹn ló yẹ kó là mí lójú. Obìnrin tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ ì bá ti béèrè ohun tó dé. Ọkàn tèmi ò balẹ̀ rárá, mo sì kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Amẹ́ríkà ti bá mi tún ọkùnrin náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kókó. Nínú oṣù Kẹsàn-án, bí mo ṣe ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé wa ní Blackley, ní Manchester, ọwọ́ mi ba nǹkan kan lábẹ́ ọmú òsì. Kò ju hóró àgbàdo kan lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti wẹ̀ fún ìyá òyìnbó tó pọ̀ débi tí mo fi mọ irú kókó tó yẹ kéèyàn sáré lọ fi han dókítà. Mo sáré lọ. Dókítà rán mi lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò ọmú náà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kí n máa retí èsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sọ fún wọn pé n kò ní sí nílé, kí wọ́n pè mí lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀ gbójú sókè, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé mo fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù nílẹ̀ àjèjì. Mo ní ó dá mi lójú. Irọ́ ni mo pa.

N kò sọ fún ọkọ mi. Àrùn tí mò ń bẹ̀rù yìí náà ló pa ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Láti ìgbà náà, bí mo bá kàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ti máa wò mí láwòtúnwò. Mo ní kí èsì dé ná. Bó bá jẹ́ rere, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí kò bá jẹ́ rere, mo máa wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ gba abẹ́rẹ́ náà, aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀ jáde nílé, mo ní shift ni mò ń lọ. Ọkọ mi ní kí n rọra máa ṣe o. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì lòun, ó ń múra iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ìrìn àjò náà ti wà nílẹ̀ kí kókó tó yọjú. Láti ìgbà ọdún Àjíǹde ni mo ti ní òun la máa fi ṣe àjọyọ̀ ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó wa. Inú fídíò ni mo ti rí wọn, àwọn tọkọtaya òyìnbó tí orí wọn ti funfun, tí wọ́n ń gbé inú mọ́tò gbọ̀ngbọ̀n kan tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní sítóòfù, tó ní ilé ìtọ̀, tí wọ́n ń wà á káàkiri ilẹ̀ àwọn Amish nígbà tí ewé bá ń pọ́n tó ń já. Motor home ni wọ́n ń pè é. Èmi sọ ọ́ ní ilé onítáyà. Àwọn Amish sì jẹ́ onígbàgbọ́ kan tí kò fẹ́ iná mànàmáná nínú ilé wọn, tí wọn kì í wa mọ́tò; ẹṣin ló ń fà wọ́n kiri. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí wọn. Ọkọ mi ní bó bá jẹ́ ilé olókùúta àtijọ́ ni mo fẹ́ wò, ṣé Dobcross ò sí nítòsí ni, níbi tí àwọn ahunṣọ ti kọ́lé kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó kọ́ tiwa, tí a sì máa padà wálé jẹ oúnjẹ alẹ́. Ó ta kú fún oṣù kan gbáko. Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni pé ó rántí pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wakọ̀ lọ́hùn-ún, bíi tilé. Ní Abẹ́òkúta ló ti kọ́ mọ́tò. Ó ní ọdún méjìlélógún lòun ti ń fi òsì wakọ̀ ní Manchester nítorí oúnjẹ òòjọ́, pé ó yẹ kí òun padà sí ọwọ́ ọ̀tún òun kí òun tó darúgbó.

Nígbà tí kókó wá yọjú, mo lè dá ìrìn àjò náà dúró. N kò dá a dúró. Bí mo bá jókòó sílé kí n máa wo ògiri, ògiri yẹn ló máa kọ́kọ́ pa mí.

Ohun kan tún wà. Ọkọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ń lo oògùn kan láàárọ̀ àti lálẹ́ tó máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, dandan sì ni kó jẹun lé e. Èmi ni ọlọ́pàá oògùn náà. Ọwọ́ mi ni mo fi ń fún un, mo sì máa ń dúró títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á fi mì. Lọ́jọ́ tí a lọ gba ilé onítáyà, àwọn tó ni ín gbé agbọ̀n kékeré kan sórí tábìlì rẹ̀ láti fi kí wa káàbọ̀, bísíkíìtì, ṣokoléètì àti ìgò oyin kan. Mo gbé agbọ̀n náà, mo dá a padà fún wọn, mo ṣàlàyé fún wọn bí ṣúgà ṣe ń ba ojú àti kíndìnrín jẹ́. Ọkọ mi dúró sẹ́yìn mi, ó ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tí a gbéra níbẹ̀, kò sí ṣúgà tó tó ti èèrà nínú ilé náà, inú mi sì dùn sí ara mi.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ọjọ́ tí a wọ bàálù ni pásítọ̀ wa ní Whalley Range kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta fún ìwòsàn, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó yọ àwọn arìnrìn-àjò sílẹ̀. Ó tún yọ àwọn tó ń lo oògùn sílẹ̀, ó tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ìgúnpá gún ọkọ mi kó lè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Nígbà tí à ń lọ sílé, àwa méjèèjì fẹnu kò pé kò kàn wá.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà. Báwo ni ìjọ á ṣe máa gbààwẹ̀ fún ìwòsàn, kí èmi tí mo ní kókó lábẹ́ ọmú máa jẹ ẹyin díndín ní Amẹ́ríkà? Mo pinnu pé mo máa gbà á. N kò sì lè sọ ọ́, torí ẹni tó bá ní òun ń gbààwẹ̀ ìwòsàn, wọ́n á bi í pé kí ló ń ṣe é.

Ẹ wá wo ìyà. Ilé onítáyà ò ju pálọ̀ wa lọ. Bí ẹnìkan bá yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kejì á gbọ́ lórí sítóòfù. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ fi ààwẹ̀ pamọ́ fún ọkùnrin tí mo ti ń bá jẹun fún ọgbọ̀n ọdún. Mo dá ọgbọ́n kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo se óòtù, mo dín ẹyin, mo gbé e ka iwájú rẹ̀, mo fún un ní oògùn, mo sì wò ó títí ó fi gbé e mì. Mo wá ní èmi ti jẹ tèmi nígbà tí mò ń se é lọ́wọ́, mo fẹ́ lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀. Ó ní kò burú, kí n lọ, kí n pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Mo jáde, mo gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń wá òjò, mo ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí mo padà dé, ó ti jẹun tán, ó ti fọ àwo, ó ti nù ún, ó ti tò ó sí àyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó tún fọ̀ ọ́.

Bó ṣe rí lọ́sàn-án náà nìyẹn. Màá fi búrẹ́dì àti ẹja sínú nylon fún wa, tirẹ̀ àti tèmi. Á ní òun á jẹ tòun tó bá yá. Màá ní èmi náà á jẹ tèmi níbi omi lọ́hùn-ún. Pẹ́pẹ́yẹ tó wà ní gbogbo àgọ́ tí a sùn sí mọ̀ mí dunjú. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́fà á lù, àwa méjèèjì á dojú kọ abọ́ ẹ̀bà bí ẹni tó gé igi lóko látàárọ̀, n kò sì rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ tuntun ni. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Òórùn kan tún ń yọ nínú ilé náà láti ọjọ́ kejì, mo sì dá ẹja gbígbẹ lẹ́bi.

Ká sọ tòótọ́, ilẹ̀ yẹn rẹwà. Òkè rẹ̀ ò ga, ewé rẹ̀ pọ́n bí epo, àgbàdo gbígbẹ wà lápá ọ̀tún àti apá òsì, àwọn ìbaaka ń fa ohun ìkórè nínú oko, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n sì dúró lé e lórí. Wọ́n sá aṣọ sórí okùn gígùn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé òkè àká, dúdú, búlúù, aró, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Afárá wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ òrùlé sí lórí bí ilé. Ọkọ mi fẹ́ràn ìtàn. Kò sí àkọlé tí wọ́n kàn mọ́ ilé àtijọ́ kan tí kò ní dúró kà dé ìlà ìkẹyìn. Ó kà á níbi iléeṣẹ́ arọ́rin àtijọ́, ó kà á lórí pápá ogun kan tí wọ́n to ìbọn àgbá sí, ó tún ń bi mí bóyá mo mọ̀ pé ọmọ ogún ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú síbẹ̀. Èmi ti wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò. Kí a máa lọ. Ibi tí a bá dé, mo ti fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí a bá sì ti kúrò, mo ń wẹ̀yìn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, àyà mi á já pé wọ́n ti ń pè mí tí wọn ò rí mi. Bó bá dé, àyà mi á tún já pé wọ́n fẹ́ pè. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ojoojúmọ́ ni mò ń há eékánná mi jẹ, mo sì ń bá ọkọ mi jà lórí ohun tí kò tó nǹkan, lórí bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn, lórí bó ṣe ń mí. Lọ́jọ́rú, ó sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án gangan, òógùn wà níwájú orí rẹ̀ nínú otútù oṣù Kẹwàá. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì wò ó, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo jáde lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kẹta. Nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ọ̀nà tóóró kan ni a wà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan wà níwájú wa, dúdú, bí àpótí, ẹsẹ̀ ẹṣin náà ń dún kò, kò, kò. Mo ní kí ọkọ mi ya á sílẹ̀. Mo tún sọ ọ́. Ó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà.

“Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀lì o. N kò lè dúró níbi tí kì í ṣe bus stop.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìgbà náà ni mo rí i tí òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ẹ̀wù, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lórí stíárìn. Ilé onítáyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí òsì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Manchester ni orí rẹ̀ wà. Ọdún méjìlélógún ló ń fa ọwọ́ rẹ̀ lọ sí apá tó ti mọ́ ọn lára, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mìíràn sì ń bọ̀ lápá ibẹ̀, tọmọtọmọ ló kún inú rẹ̀. Mo lè rí fìlà àwọn ọmọ náà.

“Ọ̀tún! Dádì, ọ̀tún!”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá stíárìn mú, mo fà á. Ẹṣin náà fọn imú, ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó kọjá. Àwa wọ ẹnu ọ̀nà oko kan, bíréékì dún, imú ọkọ̀ wa wọ inú àgbàdo, a dúró.

Mo mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ ti já wálẹ̀. Bí ènìyàn ò bá tètè rí nǹkan dídùn fi sẹ́nu ẹni tó wà ní ipò yẹn, ó lè gbabẹ̀ lọ. Mo sá sẹ́yìn, mo ń ṣí àpótí, mo ń ṣí fíríìjì. Ata gígún, gàrí, ẹja, tíì tí kò ní ṣúgà. Èmi ni mo kó gbogbo adùn inú ilé yẹn dànù, tí mo tún wàásù lé e. Mo ṣí oven, èyí tí n kò tíì lò láti ọjọ́ tí a ti gba ọkọ̀ náà. Nylon mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀, ó so wọ́n lórí dáadáa. Óòtù àti ẹyin díndín ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti Ọjọ́rú, pẹ̀lú búrẹ́dì ọ̀sán rẹ̀, àti ti àárọ̀ ọjọ́ náà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́.

N kò dúró láti ronú. Tábìlì kan wà ní ẹnu ọ̀nà oko náà tí wọ́n to ìgò sí, kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Mo gbé ìgò oyin kan, bẹ́ẹ̀ ni n kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo sá padà, mo ti ìka mi bọ inú oyin, mo fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Mò ń pè é. Mò ń pe Jésù. Bóyá n kò tilẹ̀ mọ ẹni tí mò ń pè nínú àwọn méjèèjì mọ́.

Obìnrin kan yọ lẹ́yìn ilé, ó tó ẹgbẹ́ mi, aṣọ aláwọ̀ eérú ló wọ̀, ó de fìlà funfun, kò wọ bàtà. Mo rántí àwọn aládùúrà ìlú wa. Ó wo ọkọ̀ tó wà nínú àgbàdo rẹ̀, ó wo èmi obìnrin dúdú tí mo ti ìka bọ ọkùnrin lẹ́nu, kò béèrè ẹni tí a jẹ́. Ó yí padà sínú ilé, ó gbé ife omi èso ápù bọ̀, ó gun ọkọ̀ lápá kejì, ó fi ọwọ́ di orí ọkọ mi mú kí omi náà má bàa pá a lórí. Àwa méjèèjì jọ fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí ojú ọkọ mi tó padà sílé.

Obìnrin náà wá bi mí nígbà wo ló jẹun kẹ́yìn. Ìbéèrè tí èmi máa ń bi gbogbo ènìyàn nídìí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Mo yíjú sí ọkọ mi. “Dádì, oúnjẹ àárọ̀ mẹ́ta ló wà nínú oven yẹn.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Ààwẹ̀ ni mo gbà.”

“Pásítọ̀ ní kí ẹ má gbà á. Ta ló ní kí ẹ gbà á?”

“Mo rí ọ,” ó ní. “Níwájú ọsibítù.”

Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń padà sẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ní shift ni mò ń lọ, ara ẹnì kan ò yá níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ní kó bá a wa ọ̀nà tirẹ̀. Iná pupa dá a dúró níwájú ọsibítù. Ó rí i tí mò ń bọ̀ wálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, tí mo fi ọwọ́ di ọmú òsì mú lórí kóòtù, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Èrò kún inú bọ́ọ̀sì. Iná di àwọ̀ ewé, àwọn tó wà lẹ́yìn fọn fèrè, ó sì ní láti lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó bi mí báwo ni iṣẹ́. Mo ní àwọn ìyá arúgbó náà dà mí láàmú.

“Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?”

“Ara rẹ ni. Mo ní tó bá yá, wàá sọ fún mi.”

Inú bí mi. Ó yà mí lẹ́nu pé inú lè bí mi ní irú àkókò yẹn. Inú bí mi sí i pé ó mọ̀, inú bí mi pé ó fẹ́ kú sí mi lọ́wọ́ nítorí tèmi, pẹ̀lú oògùn tí mo fi ọwọ́ ara mi fún un. Lẹ́yìn náà ojú tì mí. Ìgbà tí mò ń sá fún oúnjẹ tèmi ni n kò rí i pé òun náà ń sá fún tirẹ̀. Mo ti ń wo fóònù láti ọjọ́ mẹ́fà, n kò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

“Èmi náà wà nínú ààwẹ̀,” mo ní.

Ó wò mí. “Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Ta ló wá ń jẹ búrẹ́dì ọ̀sán?”

“Pẹ́pẹ́yẹ.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, agbára rẹ̀ ò sì tó ẹ̀rín náà, oyin wà ní ìrùngbọ̀n rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Obìnrin tó wà láàárín wa kò gbọ́ Yorùbá, ó kàn jókòó, ó di ife rẹ̀ mú, ó ń dúró dè wá. Mo wá ṣàlàyé fún un ní òyìnbó, ti kókó, ti ààwẹ̀, ti oven. Ó ní kí a wọlé wá jẹun.

Aago méjìlá ò tíì lù. Ààwẹ̀ ku wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. A jókòó sídìí tábìlì gígùn kan nínú ilé ìdáná tí kò ní gílóòbù kan. Ó gbé ọbẹ̀ adìyẹ tí wọ́n fi àgbàdo sè wá, pẹ̀lú búrẹ́dì tó yan fúnra rẹ̀. Ó wá dorí kodò. Mo ń retí kó gbàdúrà. Ní ìjọ tiwa, àdúrà tí a kò gbọ́ láti ìta, a máa ń ka ẹni tó gbà á sí ẹni tó ń tòògbé. Kò sọ nǹkan kan. Mo la ojú kan wò ó, ètè rẹ̀ ò mì. Mo gbọ́ aago ògiri. Mo gbọ́ ẹṣin níta. Ó jọ pé ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀, torí nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo ti mọ̀ dájú pé ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, mo di ọwọ́ ọkọ mi mú. Obìnrin náà gbé orí sókè. Ọkọ mi ké “Àmín!” gbàà, fún àdúrà tí ẹnikẹ́ni ò gbà sókè, ife tó wà lórí tábìlì sì mì. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu rín.

Ó ní kí a sún ọkọ̀ sẹ́bàá àká òun, kí ọkọ mi má wakọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo padà wọ inú ọkọ̀, mo rí fóònù mi lórí àga, níbi tí mo gbàgbé rẹ̀ sí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo fi fóònù yẹn sílẹ̀ láti Manchester nìyẹn, ìgbà náà sì ni wọ́n pè. Nígbà tí mo fi máa pè padà, aago márùn-ún ti kọjá nílé, wọ́n ti ṣíwọ́ iṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi jẹun níwájú mi, èmi náà jẹun níwájú rẹ̀, mo wá pè wọ́n. Mo gbé fóònù sórí tábìlì láàárín wa, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Wọ́n bi mí bóyá ẹnì kan wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní ọkọ mi ni. Wọ́n ní àrùn náà ni, pé ó ṣì kéré, pé a tètè rí i, pé wọ́n máa gé e kúrò. Ọkọ mi ò sunkún. Ó mú bírò, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀ sẹ́yìn ìwé àlàyé afárá kan.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo mú kó búra fún mi pé kò ní gbààwẹ̀ nítorí mi mọ́ láéláé. Òun náà ní kí èmi búra pé n kò ní dá lọ sí ọsibítù mọ́.

Nínú oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Manchester. Ọsibítù ní kí n má fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná, kódà omi. A jókòó síbi tí àwọn èrò ti ń dúró, àwa méjèèjì, láti aago méje àárọ̀, òjò ń rọ̀ lára fèrèsé. Mo yọ oògùn rẹ̀ nínú báàgì mi, mo fún un, ó gbé e mì. Mo gbé abọ́ fúláàsìkì jáde, iṣu àti ẹyin ni mo sè sínú rẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Ó wò ó, ó ní nǹkan kan ò lè gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá.

“Ẹ jẹ ẹ́,” mo ní. “Níwájú mi níbí.”

Ó ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Omijé ń bọ́ láti ojú rẹ̀ sínú abọ́ náà, kò nù ún, ó ń fi fọ́ọ̀kì gé iṣu, ó ń jẹ ẹ́, ó ń gbé e mì. Ebi ń pa mí, mo ń ka gbogbo bó ṣe ń bù ú. Nọ́ọ̀sì kan ṣílẹ̀kùn, ó pè mí. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ ọkọ mi, mo wo inú rẹ̀ dé ìdí. Ó ti jẹ ẹ́ tán. Mo dá abọ́ padà fún un, mo sì wọlé.